Ẹni Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Gúrúùpù

Orúkọ tí iléèwé gíga kan fún ètò ẹ̀kọ́ orí fóònù wọn ni Ẹ̀kọ́ Bó-Bá-Ṣe-Rọ̀-Ọ́-Lọ́rùn. Ìyá Ìbejì ka orúkọ yìí lórí fóònù ẹ̀ lọ́jọ́ kan tó jókòó sórí àpò aṣọ ìdọ̀tí nílé ìfọṣọ ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì gbà á gbọ́. Àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ ńláńlá ló ń bójú tó níbẹ̀. Ó ń kó aṣọ sí wọn, ó ń kó o jáde, bí ọ̀kan bá sì dákẹ́, á lọ pe ẹnjiníà. Nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, òun náà ti wọ iléèwé láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Oyún dé, oyún náà di méjì, ó sì pa ìwé tì pẹ̀lú àdéhùn pé òun máa padà tí àwọn ọmọ bá gbọ́njú. Àwọn ọmọ gbọ́njú. Wọ́n gbọ́njú débi pé àwọn gan-an ló ń bi í pé ìgbà wo ló ń padà.

Ètò tuntun yìí ò ní kéèyàn fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì ní kéèyàn kúrò nílé. Èèyàn á wo ẹ̀kọ́ lórí fóònù nígbà tó bá ráyè, á ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá fún un, á sì máa bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣèpàdé lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọkọ ẹ̀, tó jẹ́ onígbàjámọ̀, ní kò burú. Ó kàn béèrè pé ta ló máa rọ̀ lọ́rùn nínú gbogbo àwọn tó ń gbé ilé náà.

Yàrá méjì ni ilé wọn, pẹ̀lú pálọ̀ kan tí tábìlì ìjẹun gba ìdajì ẹ̀. Ìdí tábìlì yìí ló ti ń kàwé lálaalẹ́. Àwọn ìbejì á máa ṣe iṣẹ́ iléèwé wọn lápá kan, ìyá ọkọ ẹ̀ á fọwọ́ lérán lápá kejì. Màmá ò lòdì sí ìwé kíkà. Olùkọ́ inú fóònù ni kò yé e. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ látọdúnmọ́dún ni ọkùnrin náà ń kọ́ wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ìyẹn fún Màmá tó yé e. Bí ojú olùkọ́ bá ti yọ, Màmá á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà." Tíṣà á máa sọ̀rọ̀ irin àti ooru lọ ní tiẹ̀. Màmá á dúró díẹ̀, á wá yíjú sí ìyàwó ọmọ ẹ̀.

"Ọkùnrin yìí ń kọ́ ẹ lẹ́kọ̀ọ́, òun fúnra ẹ̀ ò sì lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

"Màmá, kò lè gbọ́ yín ni."

"Mo pariwo tó."

Nígbà tó yá, iléèwé fi páálí kan ránṣẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn máa ń ṣe nínú gbọ̀ngàn ńlá, ilé ni kí kálukú ti ṣe tiẹ̀. Pọ́ńpù kan tí kò ju ife tíì lọ wà nínú páálí náà, pẹ̀lú rọ́bà páìpù, àwọn ẹ̀rọ omi kéékèèké àti aago kan tó ń sọ bí omi ṣe lágbára tó. Ilé ìwẹ̀ nìkan ni omi lè dà sílẹ̀ sí láìsí ìjà. Bí onígbàjámọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ nìyẹn kí àwọn oníbàárà tó dé, tí àwọn ìbejì sì ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan. Màmá nìkan ni kò gbà. Ó ní òun ti ń wẹ̀ kí wọ́n tó bí olùkọ́ yẹn. Á gbé korobá ẹ̀ wọlé, á fẹsẹ̀ ti pọ́ńpù sẹ́gbẹ̀ẹ́, á wẹ̀, á sì gbé pọ́ńpù padà síbi tí kò wà tẹ́lẹ̀. Máàkì tí Ìyá Ìbejì gbà nínú iṣẹ́ yẹn dáa gan-an. Ibì kan ṣoṣo ni olùkọ́ fàlà sí, tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn nọ́ńbà yìí ò bára mu, ṣé ó lè ṣàlàyé. Kò ṣàlàyé.

Gbogbo èyí kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ gúrúùpù. Iléèwé pín wọn ní márùn-ún-márùn-ún, pé iṣẹ́ ẹnjiníà kì í ṣe iṣẹ́ àdáṣe, kí wọ́n ti kékeré mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn ṣiṣẹ́, nítorí ohun tí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ń béèrè nìyẹn. Kò sẹ́ni tó mọ ìlú ẹnì kejì ẹ̀. Orúkọ tó bá wu kálukú ló fi sójú fóònù. Ìyá Ìbejì fi Ìyá Ìbejì síbẹ̀, wọ́n sì fi í ṣolórí gúrúùpù nítorí pé òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tí kì í tan kámẹ́rà. Ibi tó yẹ kí ojú ẹ̀ wà, dúdú ni. Ariwo ló ń ti inú dúdú náà jáde: gbì, gbì, gbì, ṣìì. Gbì, gbì, gbì, ṣìì. Kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè sọ tí kò ní bá a rìn. Ìyá Ìbejì á dá ìpàdé dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ẹ̀rọ yẹn, ẹ pa máìkì yín."

Ariwo á dákẹ́. Tí wọ́n bá béèrè iṣẹ́ tí wọ́n pín fún un, á kọ ọ́ ránṣẹ́ pé: Mò ń bọ̀. Tó bá tún di ọ̀sẹ̀ kejì, mò ń bọ̀ náà ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbàgbé orúkọ tó wà lójú fóònù ẹ̀. Mò-ń-bọ̀ ni gbogbo wọn ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ.

Ọdún méjì ni wọ́n fi bá a yí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá kan iṣẹ́ àṣekágbá, tí wọ́n ní kí wọ́n ya àwòrán bí omi gbígbóná ṣe máa dé gbogbo kọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré kan, apá tó sọ̀rọ̀ pọ́ńpù bọ́ sọ́wọ́ Mò-ń-bọ̀. Kò tètè dé. Ìyá Ìbejì bẹ̀ ẹ́, ó rán an létí, ó tún rán an létí. Nígbà tí ọjọ́ ń lọ, ó fúnra ẹ̀ kọ apá pọ́ńpù láàárín ẹ̀rọ méjì nílé ìfọṣọ, ó sì kọ̀wé sí olùkọ́ pé mẹ́rin ni wọ́n. Olùkọ́ yọ ọkùnrin náà. Òfin sì ni pé ẹni tí wọ́n bá yọ á tún iṣẹ́ náà ṣe pẹ̀lú àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Inú Ìyá Ìbejì ò dùn sí i. Ara ẹ̀ kàn fúyẹ́, bí ìgbà téèyàn bọ́ bàtà tó há.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ sílẹ̀ fún olùkọ́, iṣẹ́ Mò-ń-bọ̀ wọlé. Ìyá Ìbejì kà á tán lórí ìdúró ní kíṣìnnì, ọbẹ̀ ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò kọ nǹkan kan padà.

Ó gboyè. Onígbàjámọ̀ gbé fọ́tò oyè náà kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwòrán àwọn orí tí wọ́n gẹ̀ dáadáa. Àwọn oníbàárà ń tọ́ka sí i pé àwọn fẹ́ irú èyí.

Iṣẹ́ wá di ọ̀rọ̀ míì. Gbogbo ibi tó kọ̀wé sí ló ń wá ẹnjiníà, gbogbo wọn ló sì ń ka ìwé ẹ̀ dáadáa títí wọ́n á fi dé ibi tí wọ́n kọ "lórí fóònù" sí. Ọ̀kan ní ṣé ó dùbúlẹ̀ kàwé ni. Ọ̀kan ní àwọn ń wá ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí. Ó ní òun ti ń ṣiṣẹ́ kí òun tó bímọ. Wọ́n ní kì í ṣe irú ìyẹn. Nílé ìfọṣọ, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń pè é ní Ẹnjiníà, tí ẹ̀rọ bá sì dákẹ́, wọ́n á wò ó sùn-ùn, òun á sì lọ pe ẹnjiníà.

Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ló wá pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n ń wá ẹnjiníà tó máa ṣe ọ̀gá ẹ̀ka omi gbígbóná. Onígbàjámọ̀ dá a jókòó sórí àga ṣọ́ọ̀bù, ó di kílípà mú bí ẹni di máìkì mú, ó sì ń bi í ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Tí wọ́n bá ní ṣé ẹ ti bá ẹnikẹ́ni jà níbi iṣẹ́ rí ńkọ́?"

"Màá sọ òótọ́ fún wọn."

"Ìyá Ìbejì, sọ pé ẹ jà, kó o sì sọ pé ẹ ti parí ẹ̀."

Nígbà tó dé ilé-iṣẹ́ ọṣẹ náà, yàrá kan tó ṣí fèrèsé sí àgbàlá ni wọ́n mú un wọ̀. Òórùn ọṣẹ tútù gba gbogbo ibẹ̀ kan. Àwọn mẹ́ta ló jókòó. Obìnrin tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà láàárín. Ẹnjiníà Àgbà, tí gbogbo orí ẹ̀ ti funfun báláú, jókòó lápá ọ̀tún, ó mú bírò dání, kò fi kọ nǹkan kan. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ búlúù wà lápá òsì. Ó fọwọ́ dáadáa, àmọ́ ọ́ìlì ṣì wà lábẹ́ èékánná ẹ̀. Ó wo Ìyá Ìbejì lẹ́ẹ̀kan nígbà tó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo tábìlì bí ẹni tó rí nǹkan gidi níbẹ̀.

"Mo rí i pé orí fóònù lẹ ti kàwé," Ẹnjiníà Àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwé ẹnjiníà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Fóònù yẹn ńkọ́? Ṣé òun náà gboyè?"

"Ó bàjẹ́, sà. Kò dé ọdún tó kẹ́yìn."

Ẹnjiníà Àgbà wò ó. Ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ ńkọ́? Ibo lẹ ti ṣe é?"

"Ilé ìwẹ̀ wa ni, sà."

Obìnrin àárín wúkọ́. Ẹnjiníà Àgbà fi bírò ẹ̀ kọ nǹkan fúngbà àkọ́kọ́.

Obìnrin àárín wá ní, "Ẹ sọ fún wa nípa ìgbà kan tí ẹ̀yin àti ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ò gbọ́ra yín yé, àti bẹ́ ẹ ṣe yanjú ẹ̀."

Ìyá Ìbejì rántí ìmọ̀ràn onígbàjámọ̀, ó sì wá ọ̀rọ̀ tó ní ìparí dídùn nínú gbogbo ayé ẹ̀, kò rí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èyí tó mọ̀. Ó ní gúrúùpù ni àwọn, àwọn sì pé márùn-ún. Ó ní ọkùnrin kan wà láàárín àwọn tó jẹ́ pé ariwo ẹ̀rọ nìkan ni àwọn mọ̀ mọ́ ọn. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń gbọ́ ariwo náà. Gbì, gbì, gbì, ṣìì. Kò jọ ọ́ lójú. Ó ti pẹ́ tó ti máa ń gbọ́ ọ lẹ́tí ara ẹ̀ nígbàkígbà tó bá rántí gúrúùpù. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ: bí àwọn ṣe fún un ní iṣẹ́, bí kò ṣe ṣe é, bí òun ṣe bẹ̀ ẹ́.

Ariwo náà dákẹ́ lójijì. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé ojú fèrèsé ló ti ń wá.

Ilẹ̀kùn ṣí, òṣìṣẹ́ kan yọjú.

"Ọ̀gá, ó tún ti dákẹ́ o."

Ọkùnrin aláṣọ búlúù ò gbójú sókè. Ó ní, "Mò ń bọ̀."

Ọdún méjì ni Ìyá Ìbejì fi ka gbólóhùn yẹn, kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ín rí, àmọ́ kò nílò ẹlẹ́rìí kankan.

"Ẹ máa bá a lọ," obìnrin àárín sọ. "Ẹ ní ẹ bẹ̀ ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Báwo lẹ ṣe wá yanjú ẹ̀?"

Ìyá Ìbejì wo ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà wá gbójú sókè báyìí, ó ń retí ìdáhùn bíi ti àwọn méjì yòókù.

"Mo yọ ọ́."

"Ẹ yọ ọ́?"

"Mo kọ̀wé pé kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì yọ ọ́."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i?" Ọkùnrin aláṣọ búlúù ló béèrè ìyẹn.

"Wọ́n ní kó tún iṣẹ́ náà ṣe."

"Ó ń tún un ṣe," ọkùnrin náà sọ.

Obìnrin àárín wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ṣé ẹ mọra yín ni?"

"A ò ríra lójúkojú rí," àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, òótọ́ sì ni wọ́n sọ.

Ẹnjiníà Àgbà ti bírò bọ àpò. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ti dákẹ́, kí ìyáàfin tẹ̀ lé ọ̀gá lọ síbẹ̀, kí wọ́n jọ wò ó. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n ń rí nílé ìwẹ̀ náà ni wọ́n ń rí níbí.

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ìkòkò ọṣẹ ńláńlá kọjá. Mò-ń-bọ̀ bá a wá bàtà iṣẹ́ kan tó tóbi jù ú lọ, nítorí bàtà gogoro tó wọ̀ kì í ṣe bàtà ilẹ̀ tó ń yọ̀. Yàrá pọ́ńpù wà lẹ́yìn ilé, ó gbóná bí inú ìléru. Pọ́ńpù náà ga tó màlúù tó dùbúlẹ̀, páìpù ẹ̀ nípọn ju itan èèyàn lọ. Mò-ń-bọ̀ gbé tọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́.

"Kí lẹ rò pé ó ń ṣe é, olórí gúrúùpù?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò ní gbìyànjú?"

"Tí mo bá gbìyànjú, irọ́ ni màá pa. Èyí tí mo lò ò ju ife tíì lọ."

Mò-ń-bọ̀ mi orí. "Àwọn tó ṣáájú yín láàárọ̀ gbìyànjú. Ó dákẹ́ mọ́ àwọn náà lójú. Kò sọ́jọ́ tí kì í dákẹ́."

Ó kúnlẹ̀ sídìí ẹ̀, ó da omi tútù sára páìpù tó ń fa omi wọlé. Ó wá yí ẹ̀rọ omi kékeré kan, afẹ́fẹ́ sì jáde níbẹ̀, ṣìì. Ó ní omi tó ń wọlé ti gbóná jù. Bó bá ti dé ẹnu pọ́ńpù, á di ooru omi, pọ́ńpù á lanu sílẹ̀, kò ní rí omi mu.

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀," Ìyá Ìbejì sọ.

"Síbo?"

"Sínú iṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tá a ti gbé tiwa sílẹ̀."

Ọwọ́ Mò-ń-bọ̀ dúró lórí sípánà. "Ẹ kà á?"

"Mo kà á tán. Ó dáa ju èyí tí mo kọ. Ó pẹ́ ni."

"Ẹ ò fèsì."

"Tí mo bá fèsì, ẹ máa ní ẹ ń bọ̀."

Mò-ń-bọ̀ yí sípánà lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, pọ́ńpù ló ń wò. Ó ní ìgbà tí wọ́n fi ìpàdé sí gan-an ni iṣẹ́ òun máa ń le jù. Inú àpò àyà ni fóònù ń wà, ọwọ́ òun méjèèjì á wà nínú ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá ní kí òun pa máìkì, òun á fi imú tẹ̀ ẹ́. Mò ń bọ̀ ni gbólóhùn tó kúrú jù tí ìka ọlọ́ìlì lè kọ.

"Ẹ̀kọ́ bó bá ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn," ó ní. "Pọ́ńpù yìí ni wọn ì bá bi léèrè."

Ọdún méjì ni Ìyá Ìbejì fi ń pàṣẹ kí ariwo yẹn dákẹ́. Kò béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ni.

"Iṣẹ́ tí wọ́n ń wá èèyàn sí yìí," ó sọ níkẹyìn, "ta ló ń ṣe é báyìí?"

"Èmi."

"Ẹ̀yin bíi báwo?"

Mò-ń-bọ̀ sọ ọ́ fún un bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Látìgbà tí ẹnjiníà tó wà níbẹ̀ ti lọ ni òun ti ń bá wọn dì í mú. Ilé-iṣẹ́ ní tí òun bá ti gbé ìwé oyè wá kí ọdún tó parí, àwọn á fi òun jókòó síbẹ̀ pátápátá. Ọdún parí. Wọ́n bá kéde iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kí òun wá jókòó ti àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò nítorí pé kò sẹ́lòmíì tó mọ iṣẹ́ ọ̀hún.

Tọ́ọ̀ṣì wúwo lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì. Ó ṣírò ọ̀rọ̀ náà, ó tún un ṣírò, kò sí ọ̀nà tó gbà ṣe é tí kò já sọ́dọ̀ òun.

"Kí wá lẹ máa sọ fún wọn nínú lọ́hùn-ún?"

"Mi ò tíì mọ̀," Mò-ń-bọ̀ dáhùn. "Ẹ gbé iná yẹn sókè díẹ̀."

Nígbà tí pọ́ńpù gbéra, tí ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n padà sí iwájú ilé. Wọ́n ní kí Ìyá Ìbejì dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn Ẹnjiníà Àgbà láti inú, ó ń gbọ́ ti obìnrin àárín. Ohùn Mò-ń-bọ̀ nìkan ni kò gbọ́, ó sì wá ń wù ú fúngbà àkọ́kọ́ kí ọkùnrin yẹn tan máìkì ẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kó máa lọ sílé, àwọn á pè é. Ó ti dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ kó tó rí i pé bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ òun. Ó padà lọ gbé e fún wọn.

Ó rò ó fún onígbàjámọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, látìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Onígbàjámọ̀ gbé kílípà kúrò lórí oníbàárà tó ń gẹ̀.

"Ìwọ lo gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ìwọ náà lo tún lọ bá a tọrọ ẹ̀."

"Mi ò mọ̀."

"Mo ní kó o sọ pé ẹ ti parí ẹ̀."

Oníbàárà tó wà lórí àga, tí ìdajì orí ẹ̀ ṣì nírun, ní ti òun, òun ò ní retí ìpè kankan.

Wọ́n pè é. Obìnrin àárín ló pè, ó ní kó máa bọ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ó ní kò yẹ kí òun sọ ọ́, àmọ́ Ẹnjiníà Àgbà ò fọwọ́ sí i. Òun náà ò mọ èyí tí òun ì bá mú. Ọ̀gá aláṣọ búlúù ló ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́, yàrá pọ́ńpù ló gbà lọ tààràtà. Mò-ń-bọ̀ wà níbẹ̀. Ó nà dúró, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá," kò sì sí ẹ̀fẹ̀ kankan lójú ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní ọ̀gá."

"Ohun tó wà lára ilẹ̀kùn yín nìyẹn."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi mú mi?"

Mò-ń-bọ̀ nu ọwọ́ ẹ̀ sára àkísà kan, ó pẹ́ lórí ìka kọ̀ọ̀kan. "Ẹnì kan máa gba iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin tàbí ẹlòmíì. Àwọn tó kù ò gbọ́ ohùn pọ́ńpù yìí rí kí wọ́n tó dé síbí. Ẹ̀yin ti fi ọdún méjì gbọ́ ọ." Ó ju àkísà sílẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n bi yín léèrè ohun tí kò ṣeé sọ lójú mi, ẹ sì sọ ọ́ lójú mi. Mo ti bá àwọn ọ̀gá tí kì í sọ ọ́ lójú ẹni ṣiṣẹ́."

"Ṣé inú ń bí yín ni?"

"Ó ń bí mi," Mò-ń-bọ̀ sọ. "Ẹ jẹ́ ká yẹ páìpù yìí wò."

Ohun tí Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ ṣe ní ipò yẹn ni pé ó yí àkókò iṣẹ́ padà. Ó mú Mò-ń-bọ̀ kúrò nídìí pọ́ńpù ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí gúrúùpù ẹ̀ tuntun bá ń ṣèpàdé. Ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀kùn tó ń dí ariwo dáadáa wà. Ẹnjiníà Àgbà ní òun ò rí irú ẹ̀ rí, kí ọ̀gá máa rọ́jú nídìí ẹ̀rọ, kí ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ jókòó sí ọ́fíìsì máa wo fóònù. Ìyá Ìbejì ní ẹ̀kọ́ ló ń kọ́, sà. Ẹnjiníà Àgbà ní òun mọ̀, ohun tí òun ń wí gan-an nìyẹn.

Kò rọrùn. Pọ́ńpù mọ ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ tí Mò-ń-bọ̀ bá lọ kàwé, ó máa ń dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Ìyá Ìbejì á sì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì lọ bi í. Mò-ń-bọ̀ á jáde pẹ̀lú fóònù nínú àpò àyà, á tún un ṣe, á padà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì pinnu pé òun ò ní ránṣẹ́ mọ́. Ó jókòó ti ẹ̀rọ náà ní ọ̀sán gbangba, ó ní kí Mò-ń-bọ̀ ká apá méjèèjì gbera, kó máa fẹnu sọ ohun tí òun á ṣe. Omi gbígbóná jó Ìyá Ìbejì lápá lẹ́ẹ̀mejì. Mò-ń-bọ̀ ò tú apá sílẹ̀.

Ọjọ́ tí Mò-ń-bọ̀ máa dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti gbèjà iṣẹ́ ẹ̀ pé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ìyá Ìbejì lọ sídìí pọ́ńpù, ó sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má kan ilẹ̀kùn yẹn.

Pọ́ńpù dákẹ́, ó ṣe bí ẹni mọ̀. Ìyá Ìbejì da omi sára páìpù, ó yí ẹ̀rọ kékeré, pọ́ńpù ò gbọ́. Àwọn tó wà nídìí ìkòkò ọṣẹ ti ń pariwo pé omi ò dé. Ó tún da omi, ó dúró kí páìpù tutù dénú, ó ń kọ orin kan tí kò ní orí tí kò ní ìdí sínú. Ó wá yí ẹ̀rọ kékeré náà díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ jáde, omi tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó jókòó sórí korobá tó dojú dé.

Ibẹ̀ ni Mò-ń-bọ̀ bá a nígbà tó jáde. Ọ́ìlì ti ta sí Ìyá Ìbejì níwájú orí.

"Ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan," Ìyá Ìbejì sọ.

"Mo mọ̀. Ara mi sọ fún mi. Mo ń sọ̀rọ̀ lọ, mi ò mọ ohun tí mò ń sọ mọ́."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí ló dé tí mo fi dánu dúró. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"Ẹ ò sá jáde wá."

"Ẹ ò pè mí."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun ẹ̀, ó fọwọ́ kan páìpù, ó gbé etí sí pọ́ńpù. Ó ní ó ti ṣe é dáadáa, àmọ́ ó ti yí ẹ̀rọ kékeré yẹn le jù. Ó tú u díẹ̀.

Èsì jáde, ó yege. Ilé-iṣẹ́ ò lè gbé ipò kan fún èèyàn méjì, ni wọ́n bá fi í ṣe ẹnjiníà ẹ̀ka tuntun tí wọ́n ti ń di ọṣẹ, ní òdìkejì àgbàlá, níbi tí ariwo ò ti pọ̀. Ìyàwó ẹ̀ ní ó ṣì máa ń dákẹ́ fetí sí ariwo tí kò sí nínú ilé. Ìyá Ìbejì kọ̀wé sí Ẹnjiníà Àgbà pé òun ń fẹ́ pọ́ńpù tuntun. Ẹnjiníà Àgbà ní kí wọ́n ṣì máa fi èyí ṣe é ná.